Ikàn Tí Vaithi Fi Sílẹ̀ ní Kasi

Bí o bá fẹ́ kí ọwọ́ Alamelu dúró lẹ́nu iṣẹ́, dárúkọ Kasi fún un, ìlú mímọ́ tó wà létí odò Ganga ní àríwá lọ́hùn-ún. Kò sí ohun mìíràn tó lè dá obìnrin yẹn dúró. Láàárọ̀ tó bá ń bu idli, àkàrà ìrẹsì tí ooru omi sè, sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní gbígbóná fún àwọn oníbàárà níwájú ilé rẹ̀, kí ẹnì kan ṣèèṣì sọ pé àbúrò òun ń lọ sí Kasi, ó parí nìyẹn. Ṣíbí á dúró lókè, idli á máa tutù, àwọn tí ebi ń pa á sì máa wo ara wọn lójú. Gbogbo àwa tí à ń gbé òpópónà tẹ́ńpìlì ní Poovanur la ti gbọ́ ìtàn náà débi pé a lè bá a sọ ọ́. Síbẹ̀ a kì í dìde. Alamelu mọ ìtàn sọ, ká má parọ́ mọ́ ọn.

Ibì kan péré ló máa ń fò. Bó bá ti sọ ọ́ dé àárọ̀ ọjọ́ tí gbogbo wọn wọ inú odò Ganga, á kàn fi aṣọ nu etí ìkòkò, á ní, "A wẹ̀, a gbàdúrà, a padà wálé." Ta ló fẹ́ tàn? Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú omi yẹn ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú kirikiri títí tó fi funfun. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ mọ̀ láyé: ṣé ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn ikàn tó ń sè ni, àbí ńṣe ló ń fi ipá gbé e mì?

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ikàn náà ná. Nígbà tí wọ́n mú Alamelu wá sí Poovanur ní ìyàwó, àwọn ará ilé ọkọ wo ẹrù rẹ̀, wọ́n yínmú. Kò gbé nǹkan kan wá tó lè ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ó ti kọ́ ikàn sísè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Àwọn kéékèèké aláwọ̀ àlùkò ni ó máa ń lò. Á la ìdí wọn sí mẹ́rin láì gé ìrù wọn kúrò, á lọ ẹ̀pà, ata àti àgbọn tó ti yan, á kì í sí wọn nínú, á wá fi iná jẹ́jẹ́ sè wọ́n nínú omi ajàgbọn kíkan títí òróró á fi léfòó. Ọjọ́ tó bá sè é, òórùn rẹ̀ á ta sánsán dé ibi adágún tẹ́ńpìlì. Àwọn aládùúgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í rán ọmọ pẹ̀lú abọ́ òfìfo. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí kì í yin ẹnikẹ́ni, lá àwo títí àwo náà fi dán.

Ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Vaithi ni orúkọ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Alamelu ò fi orúkọ náà pè é rí. Àwọn obìnrin wa kì í pe orúkọ mọ́ ọkọ lórí. Kẹ̀kẹ́ ni Vaithi ń tún ṣe lẹ́bàá adágún náà. Ó ń bá táyà sọ̀rọ̀ ju bó ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lọ. Bí Alamelu bá gbé ikàn síwájú rẹ̀, á jẹ ẹ́ tán, á fọwọ́, á wá sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Iyọ̀ rẹ̀ tó."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ! Alamelu á dúró níbẹ̀, á máa wò ó lẹ́nu bóyá nǹkan mìíràn tún ń bọ̀. Á ti dìde, á ti wọ bàtà, ó di ìdí kẹ̀kẹ́.

Ó wá di ọdún tí Sabapathi, ọkùnrin alohùn-gooro tó máa ń kó àwọn èèyàn lọ sí ilẹ̀ mímọ́, háyà bọ́ọ̀sì tó sì ní òun ń lọ sí Kasi. Mangai, ọmọ Alamelu, ṣì kéré. Wọ́n fi í sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Wọ́n di ìrẹsì àti ìkòkò sórí òrùlé bọ́ọ̀sì, wọ́n gbé alásè sẹ́yìn, àti Kunjamma, ọ̀rẹ́ Alamelu, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, síwájú pátápátá. Gúúsù ni wọ́n kọ́kọ́ kọrí sí, lọ sí Rameswaram, láti bu iyanrìn etí òkun. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe a máa gbé iyanrìn Rameswaram lọ dà sínú Ganga, a sì máa bu omi Ganga padà wá fún òrìṣà ní Rameswaram. Alamelu di iyanrìn tirẹ̀ mọ́ etí sàrí tó ró mọ́ra, kò sì tú u lójú oorun pàápàá.

Ọ̀nà náà gùn, àbí kí ni ká ti sọ ọ́? Wọ́n rìn títí èdè fi yí padà, tí ìrẹsì tún yí padà, tí kò tilẹ̀ sí ìrẹsì mọ́, tó wá ku búrẹ́dì pẹlẹbẹ nìkan. Alamelu bọ́ sílẹ̀ níbì kan, ó ní kí ọkùnrin kan fún òun lómi. Ọkùnrin náà ò gbọ́ Tamil, èdè tiwa. Alamelu tún un sọ, ó pariwo díẹ̀ sí i. Ọkùnrin yẹn náà pariwo fèsì ní èdè tirẹ̀. Báyìí ni àwọn méjèèjì ń lọgun mọ́ra wọn títí Vaithi fi rọra nawọ́ gba ife lórí tábìlì, tó bu omi, tó gbé e fún un. Níbòmíràn táyà bọ́ọ̀sì bẹ́ láàárín oko wíìtì. Dírẹ́bà ń sunkún. Vaithi ló ṣí àpò tó fi ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́, ó jókòó sílẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́. Sabapathi ní òun á fi Vaithi jẹ igbákejì òun. Vaithi ò tilẹ̀ gbójú sókè.

Inú bọ́ọ̀sì yẹn náà ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ láàárín wọn. Ẹni tó bá dé Kasi gbọ́dọ̀ fi oúnjẹ kan sílẹ̀ nínú odò, kò sì ní fi kan ẹnu mọ́ títí ayé. Èyí tó fẹ́ràn jù lọ ló yẹ kó jẹ́. Ṣùgbọ́n àwa èèyàn! Gbogbo Poovanur ló mọ̀ pé èyí tí ẹnu ò fẹ́ ni à ń fi sílẹ̀. Bí gbogbo ejìnrìn, èso kíkorò tí à ń sè lọ́bẹ̀, tí àwọn èèyàn wa ti fi sílẹ̀ ní Kasi bá hù, ọkọ̀ ò ní rí ọ̀nà gbà lórí Ganga.

Alamelu rọra béèrè pé, "Bàbá Mangai, kí lẹ fẹ́ dárúkọ nínú omi?"

"N ó rò ó."

"Kí lẹ fẹ́ rò? Ẹ pe ejìnrìn. Ṣebí ẹ kì í jẹ ẹ́. Èmi náà, òun ni n ó pè."

Vaithi ní, "Mo ti gbọ́," ó sì yíjú sójú fèrèsé.

Ẹ wá gbọ́ bí Alamelu ṣe máa ń sọ Kasi! Ó ní òwúrọ̀ ni wọ́n wọ̀ ọ́, òtútù mú débi pé àwọn ọkùnrin fi táwẹ̀lì di etí bí ẹni tí eyín ń dùn. Ó ní tẹ́ńpìlì sún mọ́ tẹ́ńpìlì, agogo gba agogo lẹ́nu, kò sì sí àlàfo tí ènìyàn lè fi mí. Ọ̀nà àárín ilé há tóbẹ́ẹ̀ tí akọ màlúù kan fi pàdé Kunjamma níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè yà fún ẹnì kejì. Màlúù náà wo Kunjamma, Kunjamma wo màlúù. Màlúù wá rọra jẹ òdòdó tó wà lọ́rùn Kunjamma tán láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì. "Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo rí i kí Kunjamma dákẹ́ nìyẹn," Alamelu á wí bẹ́ẹ̀, gbogbo wa á sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ò gbọ́ ọ rí.

Ó ní ibi tí èrò ti pọ̀ jù, ọkọ òun di òun lọ́wọ́ mú. Vaithi! Ẹni tí í rìn síwájú ìyàwó rẹ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin títí wọ́n fi bọ́ sí orí àtẹ̀gùn òkúta tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú odò, ó sì tún ṣèèṣì gbàgbé láti fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n mu tíì oníwàrà nínú ife amọ̀. Bí wọ́n ṣe ń mu ún tán ni wọ́n ń la ife mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lọ́hùn-ún. Alamelu ò lè fọ́ tirẹ̀. Inú rẹ̀ dùn jù. Ó tì í bọ àpò, ife náà ló sì fi ń bu iyọ̀ ní ilé ìdáná títí di òní.

Ibi tó máa ń fò ló kàn yìí. Wọ́n wọ inú omi. Alamelu tú iyanrìn tó dì mọ́ etí sàrí, ó dà á sílẹ̀, omi gbé e lọ. Àlùfáà kan tó gbọ́ Tamil dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ń béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Sabapathi pe ejìnrìn. Kunjamma pe ejìnrìn. Alamelu pe ejìnrìn, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ó wá kan Vaithi. Ó dúró nínú omi dé ìbàdí, ó ń gbọ̀n, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó lanu.

Ó ní, "Ikàn."

Ohùn Kunjamma dún dé òdì kejì odò. "Alamelu ooo! Ọkọ rẹ ti rí ọ̀nà sá! Ó ti bọ́ lọ́wọ́ ikàn rẹ!"

Gbogbo obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Àlùfáà pàápàá rẹ́rìn-ín. Alamelu náà fi eyín hàn, kí ló tún fẹ́ ṣe? Ṣùgbọ́n òtútù tó wọ̀ ọ́ lára nígbà yẹn kì í ṣe ti omi. Ṣé tìtorí èyí ni kò fi ju "iyọ̀ rẹ̀ tó" lọ láti ọjọ́ yìí? Ṣé gbogbo ìgbà tó ń jẹ ẹ́ tán, ìwà pẹ̀lẹ́ ló fi ń jẹ ẹ́? Òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ohun tó kórìíra sílẹ̀ ni, báwo ló ṣe máa rò pé ẹlòmíràn ò ṣe bẹ́ẹ̀? Kò bá a sọ̀rọ̀ láti Kasi dé Rameswaram, níbi tí wọ́n ti da omi Ganga sórí òrìṣà. Vaithi náà kì í kúkú sọ̀rọ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ìjà wà nílẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n délé, kó tó fọ ẹsẹ̀, Alamelu gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ó fa gbogbo igi ikàn tu, àwọn tó ń so àti àwọn tó ń yọ òdòdó, ó kó wọn fún ewúrẹ́ ẹlòmíràn. Vaithi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.  Alamelu ní lọ́kàn rẹ̀ pé, "Ó dára. Ẹ sinmi."

Bó ṣe di pé ikàn ò wọ ilé yẹn mọ́ nìyẹn. Àwọn aládùúgbò bẹ̀ ẹ́ títí ó fi rẹ̀ wọ́n, ó ní òun ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń sè é. Ẹ má sì rò pé inú ìbànújẹ́ ni wọ́n ń gbé o. Rárá! Wọ́n tún bí ọmọ, wọ́n kọ́ yàrá kún ilé, wọ́n ṣe àìsàn, wọ́n gbádùn. Ní alaalẹ́ Vaithi a máa gbé ìjókòó rẹ̀ fún un kó tó gbé tirẹ̀. Alamelu ò rí àléébù lára ọkọ rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹyọ kan yẹn. Kí ló dé tí kò wá bi í léèrè? Ẹ̀rù ló ń bà á. Bó bá bi í, tó sì ní "lóòótọ́ ni, n kò fẹ́ràn rẹ̀ rí," kí ló máa wá fi ìdáhùn yẹn ṣe?

Ìgbéyàwó Mangai nìkan ni ikàn tún ti kan wọ́n. Àwọn alásè ìta ló sè é. Bí wọ́n ṣe ń pín in, Vaithi dìde nídìí ewé rẹ̀, ó lọ dúró lẹ́bàá ìkòkò ńlá náà, ó pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Alamelu rí i látòkèèrè. Ó ní àbí ó ń bá wọn jà pé kí wọ́n gbé e jìnnà sí òun ni? Ó gbójú kúrò.

Ọdún tí à ń sọ yìí, Vaithi ti darúgbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e dáadáa mọ́, orí bẹ́ẹ̀dì okùn níwájú ilé ló ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Yazhini, ọmọ Mangai, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ sí Chennai, wá ṣe Pongal, ọdún ìkórè wa, lọ́dọ̀ wọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan Alamelu ń bọ̀ láti tẹ́ńpìlì, ó gbọ́ òórùn kan létí adágún. Ó dúró. Ó tún rìn díẹ̀. Ó wá yára rìn. Nígbà tó dé iwájú ilé, bẹ́ẹ̀dì okùn ṣófo.

Ilé ìdáná ló bá wọn. Yazhini dúró lórí iná, òógùn bò ó. Lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, lórí àpótí kékeré, Vaithi jókòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó dijú.

Alamelu gbé agbọ̀n òdòdó kalẹ̀. "Ta ló gbé ikàn wọ ilé mi?"

"Ìyá àgbà, ẹ má bínú," Yazhini wí. "Bàbá àgbà ló ní kí n rà á. Wọ́n ní kí n sè é kí ẹ tó dé."

"Bàbá àgbà wo? Èyí tí kì í jẹ ẹ́?"

Vaithi ò lajú. Ó ní, "Ajàgbọn rẹ̀ ò tó. Mo ti sọ fún un. Ó sì sáré yan àgbọn, kò jẹ́ kó pọ́n. Tìrẹ kì í rùn báyìí."

"Tèmi?" Ohùn Alamelu ga. "Ẹ̀yin tí ẹ ò rí ohun tí ẹ máa jù sódò, àfi tèmi? Tí Kunjamma fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo Kasi?"

Vaithi wá lajú. Ó wò ó bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. "Kí lo fẹ́ kí n fi fún Ganga? Ejìnrìn? Wọ́n ní kí n mú ohun tí mo fẹ́ràn jù wá. Ó dùn mí wọra, Alamelu. Mo dúró nínú omi yẹn, mo ń wá ohun mìíràn tí mo lè pè, n kò rí."

 Yazhini yọ igi kúrò nínú iná láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an.

"Ẹ ò sì sọ fún mi!"

"Mo rò pé o mọ̀. Ta ló ń sè é fún mi bí kò ṣe ìwọ?"

"Ẹ̀ ń wò mí tí mo ń fà wọ́n tu lẹ́yìnkùlé!"

Vaithi ní, "Àánú mi ló ṣe ọ́, ìyẹn ni mo rò. Mo ní obìnrin yìí ò fẹ́ kí n máa rí i, kó má baà máa wù mí. Gbogbo ẹni tó wá lẹ táyà lọ́dọ̀ mi ni mo sọ ọ́ fún. Mo ní ẹ ò lè rí irú ìyàwó mi. Ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀, jíjẹ ni mo fi sílẹ̀ o. N kò sọ pé n kò ní gbóòórùn rẹ̀ mọ́. Ó máa ń wù mí kí o sè é fún àwọn ọmọ, kí n kàn jókòó síbí. Ojú ń tì mí láti bẹ̀ ọ́, nígbà tó jẹ́ pé oore lo ṣe fún mi."

"Oore wo?" Alamelu pariwo. "Ìbínú ni! Ìbínú ni mo fi fà wọ́n tu! Ẹ̀ ń yìn mí fún aráyé, èmi ń di yín sínú!"

Vaithi wò ó. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn rẹ̀, ó gùn ún dé àyà, ó di ikọ́, Yazhini sì sáré gbá a lẹ́yìn. Alamelu ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó sì dùn ún nítorí gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, gbogbo ikàn tí kò sè.

Ó fi etí sàrí nujú, ó sì fi ìdí ti Yazhini kúrò nídìí iná. "Kúrò ńbẹ̀. Ṣé ikàn nìyí? Bu ajàgbọn sí i wá. Ṣé ọkọ rẹ lo fẹ́ fi èyí fún jẹ ní Chennai? Ojú ò tì ọ́?"

Ó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ikàn tó kù nínú agbọ̀n. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbàgbé nǹkan kan. Kò tíì hó tán tí Kunjamma fi yọ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn pẹ̀lú ọ̀pá àti abọ́ òfìfo. Ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ ò darúgbó.

Ó ní, "Mo gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n Vaithi, ẹ̀yin náà wà níbí? Mo ṣebí ẹ ti sá fún un!"

Alamelu ní, "Jókòó. Ìpín tiwọn lo máa jẹ. O jẹ wọ́n ní gbèsè ẹ̀rín tí o fi wọ́n rín ní Kasi."

Wọ́n tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kunjamma jẹun, Yazhini jẹun, Alamelu náà tọ́ ọ wò. Ìrẹsì àti wàrà kíkan ló bù fún Vaithi. Lẹ́yìn náà ó gbé odindi ìkòkò ikàn náà, ó gbé e sílẹ̀ níwájú àpótí rẹ̀.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o."

"Mo mọ̀."

Vaithi tẹrí sórí ìkòkò náà, ooru rẹ̀ bò ó lójú. Ó mí sínú, ó pẹ́ kó tó mí síta. Alamelu dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ife amọ̀ Kasi lọ́wọ́, ó ń wò ó lẹ́nu bíi ti ìgbà tó jẹ́ ìyàwó titun.

Vaithi gbórí sókè. Kò tọ́ nǹkan kan wò.

Ó ní, "Iyọ̀ rẹ̀ tó."